Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ Ni Ìṣọ̀kan

Nínú Ìjọ Kátólíìkì káàkiri Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sẹ́ni tó tún ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òótọ́ ni. Bí ìjà bá ti dé lórí èdè tí a ó fi ṣe Máàsì, tàbí lórí orin tí àwọn akọrin yóò kọ nígbà ọrẹ, ẹnìkan á dìde, á tún awò ojú rẹ̀ ṣe, á ní: "Ẹ jẹ́ ká kúkú máa ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti ẹ̀yà kankan. Òun ló máa mú wa ṣọ̀kan." Àwọn èèyàn á mi orí. Fadá náà á mi orí, torí ìjà ọ̀hún ti sú u. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Èmi ò gbà. Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí n ò fi gbà láìfi bọpo bọyọ̀, nítorí àṣìṣe yìí ti ń ṣe wá ní jàǹbá tipẹ́, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọgbọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó wà nínú ilé ìjọsìn ná. Àwa Kátólíìkì ò pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Mùsùlùmí ló gba iwájú ní Ìsẹ́yìn. Ní Ṣakí, àwọn Onítẹ̀bọmi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, ilé ìwòsàn ńlá wọn sì wà níbẹ̀ títí dòní. Láàárín àwa díẹ̀ yìí náà, ọmọ ìlú nìkan kọ́ ló ń kúnlẹ̀. Íbò tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò wà níbẹ̀, òun àti èyí tó ń ta oògùn. Sójà wà níbẹ̀ láti bárékè, tòun tìyàwó. Akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ṣakí ń bẹ. Àwọn agùnbánirọ̀ ń bẹ, àwọn tó ń wọ àgọ́ wọn ní Ìsẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó fọ́n wọn ká gbogbo ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn, Tíìfì ló wà níbẹ̀, àti Ìdọmà, àti Ìgèdè, àti àwọn mìíràn tí gbogbo wa kàn ń pè ní Àgàtú láìbéèrè ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn wọ̀nyí ló ń kọ ebè iṣu tí à ń jẹ. Àwọn kan gba ẹnubodè wọlé láti ilẹ̀ Benin, Ẹ̀gùn, Bàrìbá àti Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn kan ti Togo wá ṣe àgbàro.

Nínú gbogbo wọn, ta ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tí ìwàásù á fi wọ̀ ọ́ létí? Sójà gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ àti agùnbánirọ̀ gbọ́ ọ. Àwọn oníṣòwò kan gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ọjà ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣábẹ̀ẹ́ tó lọ sílé ìwé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ, àmọ́ Yorùbá ló bá lẹ́nu ìyá rẹ̀, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Ará Togo náà, bó bá kàwé, Faransé ló kà. Tíìfì tó ti pẹ́ lóko Ìgbòho á ná iṣu ní Yorùbá, á bá ọ jà ní Yorùbá, bí inú bá bí i tán á tún ṣépè ní Yorùbá. Fi Gẹ̀ẹ́sì orí pẹpẹ bá a, á kàn máa wò ọ́ ni. Ká má tiẹ̀ tíì sọ̀rọ̀ ìyá àgbà tó ti ń wá sí Máàsì kí a tó bí Fadá tó ń ṣe é.

Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti ẹ̀yà kankan. Ti àwọn tó kàwé ni. Ohun tí à ń pè ní ìṣọ̀kan ò ju pé kí sójà láti Kaduna, olùkọ́ láti Ìsẹ́yìn àti oníṣòwò láti Nnewi gbọ́ ara wọn yé, kí gbogbo àwọn yòókù wá máa wò wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀yà mẹ́ta ti jókòó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú èèyàn kan náà ni wọ́n. Àwọn tí ìṣọ̀kan yẹn yọ sílẹ̀ ò tiẹ̀ sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lọ́jọ́ Sunday kan. Fadá á fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù fún ogún ìṣẹ́jú. Katikísìtì á dìde láti túmọ̀. Á ti rí i pé oòrùn ti ń mú, pé ọrẹ kejì ṣì ń bọ̀, pé ìkéde tó wà nílẹ̀ kò kéré, á wá fún ìwàásù náà pọ̀ di gbólóhùn mẹ́ta: Fadá ní ká nífẹ̀ẹ́ ara wa, Fadá ní ká jáwọ́ nínú òfófó, Fadá ní ká tètè máa dé. Ìtàn tí Fadá fi pa àwọn ará iwájú lẹ́rìn-ín ò dé ẹ̀yìn. Ẹ̀rín nìkan ló dé ibẹ̀. Ìyá kan ti yọ rósárì rẹ̀ jáde tipẹ́, ó ń ti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Àwọn ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ti rọra yọ́ jáde, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ọ̀kadà àwọn. Ìgbà tí agogo ìyàsímímọ́ bá dún ni gbogbo wọn tó padà wọlé, tí wọ́n á kúnlẹ̀ gbìì. Bí ẹ bá ya fọ́tò ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ ó rí ìjọ kan tó ṣọ̀kan. Fọ́tò yẹn ni a máa ń tẹ̀ sínú ìwé àjọ̀dún paríìṣì.

Àwọn àgbà kan á dá mi lóhùn pé: ṣebí Látìn la fi ń ṣe é nígbà kan, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, tí a sì wà ní ọ̀kan? Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ wà: àìgbọ́ náà kárí. Tíṣà àti ẹni tó ń ta èédú jọ wà nínú òkùnkùn kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ò kárí bẹ́ẹ̀. Ó ń tan iná fún àwọn kan, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan. Ìjọ fúnra rẹ̀ sì ti sọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní December 4, 1963, Àpéjọ Vatican Kejì fi ìwé rẹ̀ lórí ìsìn lélẹ̀, ó ṣí ọ̀nà fún èdè àwọn èèyàn nínú Máàsì, ó sì sọ ọ́ gbangba pé Ìjọ kò fẹ́ fi tipátipá sọ gbogbo ènìyàn di bákan náà níbi tí ọ̀rọ̀ ò bá ti kan ìgbàgbọ́.

Ọdún 1963 yẹn kan náà ni Ọ̀yọ́, tí àwa ará Òkè-Ògùn wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti wà lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì gẹ́gẹ́ bí àgbègbè ọ̀tọ̀ láti 1949, di dáyósíìsì, tí Owen McCoy nínú ẹgbẹ́ àwọn Fadá aláṣọ funfun sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ní òfin kan tí olùdásílẹ̀ wọn, Kádínà Lavigerie, fi lélẹ̀: ibi tí o bá lọ, kọ́ èdè àwọn tó wà níbẹ̀. Òyìnbó gba orí omi wá, ó jókòó, ó ń pe àmì ohùn, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, ó ń tún un pè, kí ó lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìyá kan tó ń hun aṣọ ní Ìsẹ́yìn. Bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Yorùbá ló wà níbẹ̀ láti 1973, Julius Babatunde Adelakun, kí Emmanuel Adetoyese Badejo tó gbà á ní 2009. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọmọ-ọmọ ìyá aláṣọ yẹn wá ń sọ fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì la fi gbọ́dọ̀ bá ìyá òun àgbà sọ̀rọ̀ kí a tó lè wà ní ọ̀kan.

Ká tiẹ̀ wá gbà pé gbogbo wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ketekete. Ká ní iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀, tí alágbàro Togo jí lọ́jọ́ kan tó ń sọ ọ́ bí adájọ́. Ṣé ìṣọ̀kan dé nìyẹn? Ẹ lọ bi Rwanda. Èdè kan ṣoṣo, Kinyarwanda, ni Hutu àti Tutsi jọ ń sọ. Ìlú tí Kátólíìkì pọ̀ sí ni, orin kan náà, àdúrà kan náà, lédè kan náà. Ní April 1994, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà wà ní Róòmù fún Sínódù, wọ́n ń jíròrò bí Ìjọ yóò ṣe jẹ́ ẹbí Ọlọ́run ní ilẹ̀ yìí. Lákòókò kan náà, wọ́n ń pa èèyàn nínú ilé ìjọsìn ní Ntarama àti Nyamata. Ní paríìṣì Nyange, katapílà ni wọ́n fi wó ilé ìjọsìn lu àwọn Tutsi tó sá sínú rẹ̀. Àlùfáà paríìṣì náà jẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ àgbáyé, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni wọ́n dá fún un ní 2008. Ẹni tó ń pa àti ẹni tí wọ́n ń pa gbọ́ ara wọn yé dáadáa.

Bí Rwanda bá jìnnà lójú yín, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Ní December 2012, Póòpù Benedict yan Peter Okpaleke ní bíṣọ́ọ̀bù Ahiara, ní ilẹ̀ Mbaise, Ìpínlẹ̀ Imo. Íbò ni bíṣọ́ọ̀bù, Íbò ni ìjọ. Máàsì kan náà, èdè kan náà, àdúrà kan náà. Àmọ́ Anambra ló ti wá. Wọ́n ní àwọn ò gbà á. Nígbà tó di May 2013, ìta dáyósíìsì náà ni wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ní 2017, Póòpù Francis ní kí àlùfáà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì sí òun. Síbẹ̀, ní February 2018, Okpaleke fi ipò náà sílẹ̀. Kádínà ni báyìí, láti 2022, ìyẹn nìkan ló dùn nínú ìtàn náà. Èdè kọ́ ni Ahiara jà lé. Ipò ni: ta ni yóò jókòó sórí àga, ọmọ ta sì ni.

Mo mọ̀ pé bí mo ti ń lu Gẹ̀ẹ́sì yìí, àwọn ará ilé mi kan ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ń rò pé ibi tí mo ń lọ ni pé: ilẹ̀ Yorùbá la wà, ẹni tó bá wá kó gbọ́ Yorùbá, kó dákẹ́, kó jókòó. Ẹ dúró ná. Àwa ará Òkè-Ògùn àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ló yẹ kó máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe fàájì. Àwọn baba wa rin Gánà títí ó fi di ilé fún wọn. Àwọn Onítẹ̀bọmi inú wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí Kumasi, sí Tamale, sí ibòmíràn, Yorùbá ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. N ò bá wọn wí. Ta ni kì í fi èdè ìyá rẹ̀ gbàdúrà lájò? Ṣùgbọ́n wọn ò wá ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n nínú àwọn onílẹ̀. Ní November 1969, ìjọba Busia ti Gánà ní kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá di ẹrù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìjọsìn wọ̀nyẹn dá páropáro, torí kò sí onílẹ̀ tó pọ̀ nínú wọn tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn. Àwa náà sì gbẹ̀san ní 1983, a fi Gánà-mọ́sì-gò rán àwọn ará Gánà lọ sílé. Àwọn tó padà dé láti Gánà ṣì wà láàyè ní Ṣakí. Ẹ bi wọ́n bó ṣe ń rí lára kí wọ́n máa pe èèyàn ní àjèjì níbi tó ti bímọ.

Ẹnìkan ti dán irú rẹ̀ wò: ní February 2022, Fadá kan ní agbègbè Ìkòròdú ní kí wọ́n má kọ orin Íbò mọ́ nínú paríìṣì rẹ̀. Àrẹ̀bíṣọ́ọ̀bù Èkó, Alfred Adewale Martins, ò fi falẹ̀; ó ní kí Fadá náà lọ fún ìsinmi tí kò lọ́jọ́. Mo gbọ́ bí àwọn èèyàn wa kan ṣe pàtẹ́wọ́ fún Fadá, mo sì gbọ́ àwọn Íbò tó sọ ọ́ di ogun. Àrẹ̀bíṣọ́ọ̀bù ló ṣe ohun tó tọ́. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn tí ariwo ti lọ sílẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn mú níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin. Orin ni wọ́n ní ìjà náà wà fún. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń jà lórí ọmọrogùn, ẹ bojú wo ìkòkò.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan, àwọn Íbò náà ní tiwọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ Íbò Kátólíìkì wọn, ó ní alága, ó ní akápò, ó ní ìwé owó tirẹ̀. Nígbà tí August bá tó, àwọn obìnrin á gba ilé lọ fún ìpàdé, owó tí wọ́n kó jọ ní Ìsẹ́yìn á bá wọn lọ kọ́ ilé Fadá lábúlé wọn. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní: "Ẹ̀yin ò fún wa ní ipò kankan níbí." Bí àwọn náà bá béèrè ìdí tí a ò fi fún wọn nípò, a ó ní: "Ilé ni owó yín ń lọ." Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, àwọn méjèèjì sì ń fi òótọ́ yẹn bo ara wọn lójú.

N ò ní fi Pẹ́ńtíkọ́sì yọ yín lẹ́nu. Ìwàásù ìṣọ̀kan kan kì í kọjá kí wọ́n má kà á, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò sí oníwàásù tó dé Ìsẹ́yìn tí kò ní fi aṣọ òkè ṣe àkàwé, pé fọ́nrán púpọ̀ ló di aṣọ kan. Ẹ jẹ́ kí aṣọ òkè sinmi. Ẹ ṣí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sí orí kẹfà, ibi tí a kì í sábà dé. Ìjọ Jerúsálẹ́mù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí àwọn Hébérù pé wọ́n ń fojú fo àwọn opó àwọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́. Ẹ̀sùn ẹ̀yà pọ́ńbélé nìyẹn, nínú ìjọ tí àwọn àpọ́sítélì ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn ò ṣe ìwàásù lórí ìfẹ́. Wọn ò ní kí gbogbo ènìyàn máa sọ èdè kan. Wọn ò ní kí àwọn tó ń sọ Gíríìkì lọ dá Máàsì tiwọn sílẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje láti bójú tó oúnjẹ náà. Ẹ wá ka orúkọ àwọn méje tí wọ́n yàn láti orí Stéfánù dé orí Nikólásì ará Áńtíókù: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n fojú fo opó wọn ni wọ́n kó ṣíbí oúnjẹ fún, kí wọ́n bu fún ti ara wọn, kí wọ́n sì bu fún opó àwọn Hébérù pẹ̀lú.

Mo ti ń retí láti ọjọ́ tó pẹ́ kí paríìṣì kan ní ilẹ̀ yìí ṣe irú ìyẹn. Ẹ wo ìgbìmọ̀ ìjọ ní èyí tó wù yín. Alága, ọmọ ìlú. Akápò, ọmọ ìlú. Akọ̀wé lè jẹ́ Íbò, torí ó mọ̀wé kọ, ó sì máa ń tètè dé. Tíìfì dà? Tíìfì wà níbi tí wọ́n ti ń to àga. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi, kì í sì í ṣe lẹ́nu ọmọdé: "Àgàtú, bá wa gbé bẹ́ǹṣì yẹn sábẹ́ igi." Ọkùnrin náà ti bímọ, ó ju ẹni tó ń rán an níṣẹ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ìgèdè ni, kì í tiẹ̀ í ṣe Àgàtú. Ó gbé bẹ́ǹṣì. Kò sí ẹni tó ní "ẹ kú iṣẹ́, bàbá," bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí a ti ń kí ẹni tó jókòó lásán kú ìjókòó! Èdè wo la fẹ́ fi wo ìyẹn sàn? Tí wọ́n bá ní "Agatu, carry that bench," ṣé ó ti di ìṣọ̀kan?

Ẹ wá wo ọjọ́ ìkórè, torí ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń hàn kedere. Alága ayẹyẹ ti gba gbohùngbohùn. Wọ́n ń pe ìdílé dé ìdílé, ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, ìlù ń dún, owó ń bọ́ sínú abọ́. Àwọn alágbàro ò lówó ní irú àsìkò yẹn. Ohun tí wọ́n ní ni wọ́n gbé wá, iṣu ńláńlá tí wọ́n fi ọ̀kadà kó láti oko, eruku ebè ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á to ó síwájú pẹpẹ, ó máa ń wuni wò. Lẹ́yìn Máàsì, gbànjo bẹ̀rẹ̀. Olówó kan á na ọwọ́ sókè, wọ́n á pariwo orúkọ rẹ̀, wọ́n á fi ìlù kì í, òun àti bàbá tó bí i: ẹni ńlá tó ra iṣu Ọlọ́run! Orúkọ ẹni tó gbin iṣu náà kò jáde. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ní ìwé ìṣirò owó ìkórè, abẹ́ orúkọ ẹni tó rà á ni owó iṣu náà yóò wọ̀. Bó bá wá di ọdún tó ń bọ̀, tí wọ́n ń ka iye tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dá láti fi pín ipò, wọ́n á ní àwọn Tíìfì kì í dá owó.

Ńṣe ni ti ańkárá tún wá burú sí i. Ẹni tí kò lè ra ańkárá ìkórè kì í sábà wá lọ́jọ́ náà, ojú ń tì í. A wá ń ya fọ́tò, gbogbo wa wọ bákan náà, a ní ẹ wo bí a ṣe ṣọ̀kan.

Ìsìnkú ńkọ́? Bí Íbò bá kú ní Ìsẹ́yìn, ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ló ń gbé e lọ sílé. Bí Tíìfì bá kú lóko, àwọn ará Benue ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á na àwo láti oko dé oko, wọ́n á wá awakọ̀ tó gbà láti gbé òkú rìn ní òru. Paríìṣì á fún wọn ní àdúrà àti omi mímọ́. N ò kẹ́gàn àdúrà. Àmọ́ bí ọmọ ìlú bá kú, paríìṣì kan náà á yọ owó jáde nínú àpò, ẹgbẹ́ àwọn ìyá á se oúnjẹ, akọrin á bá òkú dé ilé. Ẹni tó ń gbé òkú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ mọ irú ìjọ tí òun wà nínú rẹ̀, ẹ ò ní láti kọ́ ọ.

Ibì kan wà ní Òkè-Ògùn tí ọ̀rọ̀ yìí ti rí bó ṣe yẹ kó rí, ibẹ̀ sì ni àwọn ìjọ abúlé, níbi tí Fadá kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ilé alámọ̀ tó ní páànù lórí, bẹ́ǹṣì mélòó kan. Katikísìtì á ka Ìhìn Rere ní Yorùbá, á dúró, á bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Tíìfì kan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é bí wọ́n ṣe lè pè é, àwọn obìnrin Yorùbá á ti mọ apá tó rọrùn, wọ́n á gbá a mú níbẹ̀. Bí àdúrà ìjọ bá dé, oníkálùkù á gba tirẹ̀ lédè rẹ̀, katikísìtì á fi "Olúwa, gbọ́ tiwa" kádìí rẹ̀. Bí òjò bá ṣí páànù, gbogbo wọn á gun òrùlé. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lórí ìṣọ̀kan níbẹ̀ rí. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: owó àti ipò ò sí níbẹ̀ ni, kí ni wọ́n fẹ́ jà lé? Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ náà nìyẹn.

Àwọn tí mo ń bá jiyàn yìí ní ẹ̀rù kan tí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Wọ́n ní bí a bá ti gba gbogbo èdè láàyè, kíkà la ó máa kà: Íbò kọ orin méjì, Tíìfì kọ ẹyọ kan, Ìdọmà ò kọ rárá, ẹjọ́ dé. Wọ́n tún ní Máàsì á gùn bí ọjọ́ ebi. Mo ti rí Máàsì tó gùn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ka ẹ̀kọ́ kan náà ní èdè mẹ́ta. N ò fẹ́ ẹ. Ohun tí mo ń sọ kò le tó bẹ́ẹ̀. Kí Máàsì ńlá wà ní Yorùbá, nítorí òun ni àwọn tó pọ̀ jù nínú wa fi ń ná ọjà, tí wọ́n sì fi ń tọrọ omi. Ẹni tó bá rò pé torí mo jẹ́ Yorùbá ni, kó gbé mi lọ sí Gboko: Tíìfì ni n ó ní kí wọ́n fi ṣe é, n ó sì jókòó kọ́ ọ. Kí orin wá láti ibi gbogbo láìka iye. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti agùnbánirọ̀ ní Máàsì Gẹ̀ẹ́sì wọn láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí a máa pe èyí tó rọ àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́rùn ní ìṣọ̀kan gbogbo ìjọ. Ní ti kíkà, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ní í máa ń ka orin. Ẹ fún wọn ní nǹkan gidi dì mú, ẹ ó rí i pé wọ́n á gbàgbé orin mélòó ni wọ́n kọ.

Ọdún ìdìbò ìgbìmọ̀ ìjọ kì í pẹ́ dé. Bó bá dé, ẹ gbìyànjú èyí wò: ẹ dárúkọ Tíìfì kan fún ipò akápò, kì í ṣe igbákejì akápò, ẹni tó mọ ìṣirò wà nínú wọn. Kí ẹ wá wo ojú àwọn tó ń pariwo Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìṣọ̀kan, kí ẹ sì gbọ́ èdè tí wọ́n máa fi dá yín lóhùn.